Kọ́tábáàkì Tuntun àti Ilé Tó Gbà Á

Ní oṣù Kẹrin ọdọọdún, àríyànjiyàn kan náà ni ó máa ń gba ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Bí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 32 tó wà nínú líìgì NFL bá ti ń pe orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ mú láti yunifásítì, àwọn onímọ̀ bọ́ọ̀lù, àwọn oníròyìn àti àwọn olólùfẹ́ eré náà yóò ti pín sí méjì. Apá kan yóò ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n mú yìí ni yóò gba ẹgbẹ́ náà là. Apá kejì yóò ní kò ní pẹ́ rárá tí àṣírí yóò fi tú pé kò tó ohun tí wọ́n pè é. Ipò kan ṣoṣo ni ariwo náà sì máa ń pọ̀ lé lórí jù lọ: ipò kọ́tábáàkì.

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí à ń fi ẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń fi jù ú, tàbí kí wọ́n gbé e sá lọ. Bọ́ọ̀lù náà rí gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ sì mú ní ìhà méjèèjì. Agbábọ́ọ̀lù 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Kọ́tábáàkì ni ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta péré, ó ní láti wo bí àwọn alátakò ṣe dúró, kí ó mọ èyí tí ó ń tan òun jẹ nínú wọn, kí ó rí ẹni tí kò sí alátakò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwọn tirẹ̀, kí ó sì ju bọ́ọ̀lù sí ibi tí ẹni náà máa dé, kì í ṣe ibi tí ó wà. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn géńdé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀n ju 120 kílò lọ ń sáré bọ̀ láti gbé e ṣánlẹ̀.

Ní yunifásítì, iṣẹ́ yìí ní ìrọ̀rùn díẹ̀. Ilé-ìwé ńlá bíi Alabama lè kó àwọn ọ̀dọ́ tó dára jù lọ jọ, débi pé ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá wọn pàdé kò tó wọn rárá. Kọ́tábáàkì irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àyè, àwọn tirẹ̀ yóò máa sá ju ẹni tó ń lé wọn lọ. Ní NFL, àṣàyàn ni gbogbo ẹni tó wà lórí pápá. Àyè tó fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nà ní yunifásítì yóò di ihò abẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè wo eré ọmọdé kan ní ilé-ìwé kí ó sì búra pé yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀jẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn alárìíyànjiyàn kì í sábà wò. Òfin ìṣàyàn náà sọ pé ẹgbẹ́ tí ó ṣe burúkú jù lọ ní sáà tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ mú. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí àwọn aláìní lè rí nǹkan jẹ, kí àwọn alágbára má baà máa jẹ gàba títí ayé. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bí ni pé ọ̀dọ́ tí gbogbo ayé gbà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni wọ́n máa ń rán lọ sí ilé tí ó dàrú jù lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ kí a máa bi ara wa kọjá pé, “Ǹjẹ́ ọmọ yìí tó bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù ú lọ ni pé, “Irú ilé wo ni ó ń gbà á?”

Kò sí ibi tí ẹ̀rí èyí ti hàn kedere bí i ti ẹgbẹ́ Panthers ti Carolina. Ní 2021, ẹgbẹ́ yìí lọ gba Sam Darnold lọ́wọ́ Jets ti New York. Ẹni kẹta tí wọ́n pè nínú ìṣàyàn 2018 ni Darnold, àwọn Jets sì ti rẹ̀wẹ̀sì lórí rẹ̀ lẹ́yìn sáà mẹ́ta. Ní 2022, Panthers tún lọ mú Baker Mayfield, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pè nínú ìṣàyàn 2018 kan náà, tí àwọn Browns ti Cleveland kò fẹ́ mọ́. Àwọn méjèèjì jọ wà ní ilé kan ṣoṣo ní sáà kan náà, ẹnì kankan nínú wọn kò sì ṣe dáadáa. Kí ọdún 2022 tó parí, wọ́n ti tú Mayfield sílẹ̀. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, Darnold náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìdájọ́ tí gbogbo ènìyàn dá ni pé àwọn ọmọ náà kò dára. Ẹnikẹ́ni kò dá ilé náà lẹ́jọ́.

Àwọn Panthers fúnra wọn gba ìdájọ́ yìí gbọ́, wọ́n sì ṣe bí ẹni tó rò pé ọmọ tó dára jù ni òun ṣaláìní. Ní oṣù Kẹta 2023, wọ́n bá Bears ti Chicago ṣe pàṣípààrọ̀ kí wọ́n lè kọ́kọ́ mú. Wọ́n fún Bears ní ipò kẹsàn-án àti ipò 61 nínú ìṣàyàn ọdún náà, ipò àkọ́kọ́ wọn fún 2024, ipò kejì wọn fún 2025, wọ́n sì tún fi DJ Moore lé e. Moore yìí ni ó ń gba bọ́ọ̀lù jù lọ fún wọn. Èyí túmọ̀ sí pé kí ọmọ tuntun tó dé ni wọ́n ti ta ẹni tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù sí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, ní Kansas City, wọ́n pe orúkọ Bryce Young ti Alabama, ẹni tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ Heisman ní 2021.

Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gíga Young kò ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́wàá lọ. Àwọn kan ní kò ní lè rí iwájú láti ẹ̀yìn àwọn òmìrán tó yí i ká. Àwọn mìíràn ní ọpọlọ rẹ̀ yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí sáà náà parí, ó jọ pé àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lù ú ni ó jàre. Panthers borí ẹ̀ẹ̀mejì péré nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17. Ìgbà 62 ni àwọn alátakò gbé Young ṣánlẹ̀. Kí sáà tó dé ìparí, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11, wọ́n lé Frank Reich tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọmọ ọdún 22 ni, ọdún kìn-ín-ní rẹ̀ ni, wọ́n sì ti mú ẹni tó ń kọ́ ọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà korò sí i ni pé C.J. Stroud, ẹni tí wọ́n pè tẹ̀lé Young, lọ sí Texans ti Houston ó sì tàn bí ìràwọ̀. Wọ́n fi jẹ ọ̀dọ́ tó dára jù lọ nínú àwọn atamátàsé ọdún náà, ẹgbẹ́ tí ó borí ẹ̀ẹ̀mẹta péré ní 2022 sì borí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Gbogbo ẹnu wá ń sọ pé àwọn Panthers mú ọmọ tí kò yẹ, wọ́n fi ọmọ tó yẹ sílẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ó yẹ kí ẹni tó bá ń ṣe ìfiwéra náà rántí pé DeMeco Ryans, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba Stroud, kò fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Sáà 2024 bẹ̀rẹ̀, Panthers fìdí rẹmi nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì ní kí Young lọ jókòó. Ọ̀pọ̀ oníròyìn kọ ọ̀rọ̀ ìsìnkú rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà nínú ilé náà. Wọ́n ti gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Dave Canales, ẹni tó ti bá Geno Smith ṣiṣẹ́ ní Seattle àti Baker Mayfield ní Tampa Bay ní àkókò tí àwọn méjèèjì dìde padà lẹ́yìn tí ayé ti sọ̀rètí nù lórí wọn. Wọ́n ti fi owó gọbọi gba Robert Hunt àti Damien Lewis kí wọ́n wá máa ṣọ́ iwájú kọ́tábáàkì. Nígbà tí Andy Dalton tó rọ́pò Young farapa nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, wọ́n ní kí ọmọ náà padà wá. Ó padà, ó sì dà bí ẹlòmíràn. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ó ju bọ́ọ̀lù tí iye rẹ̀ jẹ́ 448 yáàdì nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan pẹ̀lú Atlanta, èyí tí kọ́tábáàkì Panthers kankan kò ṣe rí. Ní ìparí sáà náà, ẹgbẹ́ yìí gba ipò kìn-ín-ní ní ìpín wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 2015. Gíga Young kò fi ínǹṣì kan lé sí i láàárín ọdún méjì náà. Ilé ni ó yí padà.

Àwọn méjì tí Panthers ti kọ̀ sílẹ̀ ńkọ́? Mayfield lọ sí Tampa Bay, ó gba ipò kìn-ín-ní fún wọn ní ìpín kan náà tí Panthers wà, ní 2023 àti 2024. Ní 2024, ìgbà 41 ni bọ́ọ̀lù tó jù di ayò. Darnold kọ́kọ́ lọ jókòó ti ẹlòmíràn ní San Francisco, ó wo bí ilé tó létò ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Minnesota, ó sì borí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 ní 2024. Ní oṣù Kejì 2026, òun ni kọ́tábáàkì Seahawks ti Seattle nígbà tí wọ́n gba Super Bowl. Ọkùnrin kan náà ni, apá kan náà ni, tí Jets àti Panthers ti sọ pé kò wúlò.

Ẹ jẹ́ kí a tọpa ipò tí Panthers fi ta lọ́rẹ. Ipò àkọ́kọ́ wọn fún 2024 di ipò kìn-ín-ní pátápátá nítorí pé wọ́n ṣe burúkú jù lọ, Bears sì fi mú Caleb Williams. Ìtàn àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tún ara rẹ̀ sọ. Ìgbà 68 ni wọ́n gbé Williams ṣánlẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Kí sáà náà tó parí, wọ́n ti lé ẹni tó ń darí ìkọlù ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì lé Matt Eberflus tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ariwo sọ pé Williams náà ti já sí òfo. Àmọ́ ní 2025, Bears mú Ben Johnson wá, wọ́n tún iwájú kọ́tábáàkì ṣe pẹ̀lú Joe Thuney, Jonah Jackson àti Drew Dalman, wọ́n sì parí sáà náà ní ipò kìn-ín-ní ní ìpín wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú yìí kò gbọ́dọ̀ kọjá lásán. Ní 2002, Texans ti Houston jẹ́ ẹgbẹ́ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì, David Carr sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú. Ìgbà 76 ni wọ́n gbé e ṣánlẹ̀ ní sáà kan ṣoṣo. Kò tíì sí kọ́tábáàkì mìíràn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ní sáà kan nínú ìtàn NFL. Ẹni tí wọ́n bá ń gbé ṣánlẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn tó ń bọ̀ dípò kí ó wo àwọn tí ó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí, bí ìwà náà bá sì ti mọ́ ojú lára, ó ṣòro láti fi sílẹ̀. Carr kò di ohun tí wọ́n retí láéláé. Lónìí, nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ yìí ni Olumuyiwa Fashanu wà, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá fún gbogbo ọmọ Yorùbá. Jets mú un ní ipò 11 ní 2024. Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù kì í sábà dárúkọ irú wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ni ẹ̀mí iṣẹ́ kọ́tábáàkì wà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú eré yìí, àwọn ẹ̀ṣọ́ iwájú àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ni àgbà ọjà.

Ẹnìkan lè dáhùn pé àwáwí ni gbogbo èyí, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò mọ̀ ọ́n ṣe níbikíbi. Àtakò yìí ní òótọ́ nínú. JaMarcus Russell ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní 2007. Apá rẹ̀ lágbára lọ́nà ìyanu, ṣùgbọ́n Raiders tú u sílẹ̀ ní 2010, kò sì gbá bọ́ọ̀lù ní NFL mọ́. Ní 1998, Ryan Leaf ni ẹni kejì tí wọ́n pè, San Diego sì tú u sílẹ̀ lẹ́yìn sáà mẹ́ta. Leaf fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìwà òun dá kún ìṣubú òun. Ilé rere kò lè gba iṣẹ́ ṣe fún ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí wọ́n pè ṣáájú Leaf ní 1998 náà. Peyton Manning lọ sí Colts ti Indianapolis, wọ́n borí ẹ̀ẹ̀mẹta péré nínú 16. Ìgbà 28 ni àwọn alátakò já bọ́ọ̀lù rẹ̀ gbà, kò sì sí ọ̀dọ́ kankan tó tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fi Manning ṣe ẹ̀rí pé ọmọ tó dára kò nílò ilé rere gbàgbé pé Colts kò jù ú nù, wọn kò sì lé akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀. Marvin Harrison wà níbẹ̀ láti gba bọ́ọ̀lù, Tarik Glenn wà níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ, Tom Moore tó ń darí ìkọlù wọn sì wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ní sáà kejì, wọ́n borí ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá. Ọmọ dára, ilé náà sì dára, sùúrù sì so wọ́n pọ̀.

Ìtàn tún kọ́ni pé àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò kò mọ tó bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ní 2000, ẹni 199 ni Tom Brady jẹ́ nínú àwọn tí wọ́n pè, ó sì gba Super Bowl ẹ̀ẹ̀méje. Ní 2021, San Francisco fi ipò àkọ́kọ́ ọdún mẹ́ta gba Trey Lance, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní 2023. Ẹni 262, ẹni ìkẹyìn pátápátá tí wọ́n pè ní 2022, Brock Purdy, ni ó mú wọn dé Super Bowl ní oṣù Kejì 2024. Bí àwọn tí wọ́n ń gba owó oṣù fún iṣẹ́ àyẹ̀wò bá lè ṣìnà tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n kò ní ẹ̀rí tí ó fi ń búra.

Sùúrù gan-an ni ohun tí ó ń dín kù. Aaron Rodgers jókòó fún sáà mẹ́ta ti Brett Favre kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Patrick Mahomes lo ọdún 2017 lẹ́yìn Alex Smith. Nígbà tó bọ́ síta ní 2018, ìgbà 50 ni bọ́ọ̀lù tó jù di ayò, wọ́n sì fi í jẹ ọ̀gá gbogbo agbábọ́ọ̀lù líìgì náà. Ṣùgbọ́n àdéhùn owó tí ó wà lóde báyìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró. Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn ọmọ tuntun, lẹ́yìn sáà kẹta sì ni ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu bóyá yóò fi ọdún karùn-ún kún un fún àwọn tí wọ́n mú ní ìpele àkọ́kọ́. Owó ọmọ tuntun kéré sí ti àgbà ọ̀jẹ̀, nítorí náà ẹgbẹ́ ń kánjú kí ó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ kí owó rẹ̀ tó gòkè. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, síbẹ̀ òun ni wọ́n ń gbé ru àwọn ọmọ ọdún 21 àti 22.

Ohun tó wà nínú ewu kọjá eré. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá pè ní òfo ní ọmọ ọdún 23 yóò máa gbọ́ orúkọ náà títí. Àwọn ọmọdé yóò fi í ṣẹ̀fẹ̀, àwọn oníròyìn yóò máa dárúkọ rẹ̀ ní gbogbo oṣù Kẹrin bí ẹni tí ń sọ àròsọ. Kì í ṣe gbogbo wọn ni yóò rí ilé kejì bíi Darnold tàbí Mayfield. Iye àwọn tí ilé burúkú ti bàjẹ́ tí wọn kò sì rí ọwọ́ kejì nawọ́ sí wọn, ìtàn kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀ yàtọ̀ sí pé wọ́n kùnà.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún pe kọ́tábáàkì kan láti yunifásítì, kí ẹni tó fẹ́ sọ pé yóò ṣe é tàbí kò ní ṣe é kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni yóò kọ́ ọ, ṣé ẹni náà yóò sì wà níbẹ̀ ní ọdún mẹ́ta òní? Ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀ nígbà tí àwọn géńdé bá ń bọ̀? Ṣé wọ́n yóò jẹ́ kí ó kọ́ iṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè èrè? Bí ìdáhùn ẹgbẹ́ náà sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ọmọ tí ẹ̀bùn rẹ̀ mọ níwọ̀n lè di ọ̀gá. Bí kò bá dára, ẹni tó gba Heisman pàápàá yóò ṣubú.

Ìdáhùn sí àríyànjiyàn náà nìyí: bẹ́ẹ̀ ni, kọ́tábáàkì tó tayọ ní yunifásítì lè tayọ láàárín àwọn ọ̀jẹ̀, bí òun náà bá múra sí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ó yẹ kí a máa wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń fún ọmọ láti fi hàn pé òun yẹ. Ìgbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ni ẹgbẹ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń ka iye kọ́tábáàkì tí ilé kọ̀ọ̀kan ti bàjẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka bọ́ọ̀lù tí ọmọ ṣì jù, ni àríyànjiyàn oṣù Kẹrin yóò tó mú ọgbọ́n wá.